Olùkọ́ tí Ó ń Gbààwẹ̀ Nílé Ìyá Rẹ̀

Ta ni ó kọ́kọ́ fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu, kí o tó mọ̀ pé Ọlọ́run wà? Má tíì dá mi lóhùn. Fi ẹni náà sọ́kàn ná, kí o sì fetí sílẹ̀, nítorí ìwọ tí o ń gbé Bíbélì jáde lọ jíhìn rere lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ àkàwé yìí fún.

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù. Kì í ṣe olùkọ́ kékeré. Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ni iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ohun tí ikú Jésù lórí àgbélébùú ṣe fún wa, ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń di ẹni ìgbàlà. Ó kàwé dé òkè òkun. Ó gbọ́ èdè tí àwọn wòlíì fi kọ̀wé, ó gbọ́ ti àwọn àpọ́sítélì. Àwọn ẹlòmíràn a máa kàwé títí ayọ̀ wọn á fi gbẹ. Ti ọkùnrin yìí kò gbẹ. Bí ó bá ń kọ́ni, kì í lè jókòó. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

"Ọ̀fẹ́ ni!" ni á máa wí. "Ẹ kò lè rà á. Ẹ kò lè ṣiṣẹ́ fún un. Kò sí iye omijé tí a lè sun tí Ọlọ́run á fi jẹ wá ní gbèsè. Ẹ̀bùn ni! Ẹni tí wọ́n na ẹ̀bùn sí, kí ni ó ń ṣe?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pariwo pé, "Ó ń gbà á!" Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ á gbóná bí ìsọjí. Àwọn tó ń kọjá lóde á dúró lẹ́bàá fèrèsé.

Ohun tí ó gbàgbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á wọ egungun. Ó gbàgbọ́ pé Ìwé Mímọ́ ni ọ̀rọ̀ tó borí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó gbàgbọ́ pé olúkúlùkù ni a gbọ́dọ̀ tún bí fúnra rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ìyá kò lè gbé ọmọ wọ ìjọba, ti ọmọ náà kò sì lè gbé ìyá. Ó gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ní ìròyìn ayọ̀ lápò tí kò fi tó ará ilé rẹ̀ létí, olè ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń gún un láyà, nítorí ìyá rẹ̀ wà láàyè, ìyá náà kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà kan rí, ó ń lọ. Olùkọ́ náà rántí pé nígbà tí òun kéré, ìyá òun a máa pọn òun lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ kú, ìyá náà kò sì lọ mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò dí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni ó ń fọ aṣọ tí ọmọ náà ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà sì ń lọ kọ́ iṣẹ́ ìwàásù, ó tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àkànjí," ni ó wí, "èmi ò mọ̀wé. Mi ò sì fẹ́ràn ilé tí ò ń lọ yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá dúró wàásù nílùú yìí, n ó wá jókòó, n ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Mo ṣèlérí."

Ìlérí yìí ni olùkọ́ náà rọ̀ mọ́. Nígbà tí ó padà dé láti òkè òkun, ó wàásù nílùú náà, ìyá rẹ̀ kò yọjú. Ó tún wàásù, kò yọjú. Ó lọ bá a nílé, ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé ìgbàlà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ìyá náà ń sọ pé, "Mo gbọ́." Ọ̀rọ̀ tó ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, ìyá rẹ̀ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ọ.

Olùkọ́ náà wá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní ọkàn kan tó le báyìí, ó ju ti àlàyé lọ. Ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Olúwa pé gbogbo Sátidé tí òun bá ń lọ kí ìyá òun, ààwẹ̀ ni òun yóò fi lọ. Òun kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ nínú ilé náà títí ìyá òun yóò fi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, tí yóò wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyè. Bí o sì ti mọ̀, Olúwa kọ́ wa pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ fi han ènìyàn. Kí ó bọ́jú, kí ó fi òróró pa orí, kí ó túra ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olùkọ́ náà ṣe. Bí Sátidé bá mọ́, á wẹ̀, á para, á wọ dàńṣíkí funfun, á máa kọrin lọ sílé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí olùkọ́ yìí fẹ́ràn jù láyé. Láti kékeré ni. Ìyá rẹ̀ a sì máa jí ní ìdájí Sátidé, á bó ewùrà, á rin ín, á wá ẹja gbígbẹ àti edé, á dáná. Bí ọmọ bá fi máa wọlé, òórùn á ti gba gbogbo agbo ilé.

"Àkànjí, jókòó, mo ti sè é."

"Mo ti jẹun wá, màámi."

"Tọ́ ọ wò lásán."

"Inú mi kún fọ́fọ́, màámi. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

Ìyá náà á fi ìdérí bo abọ́. Á ní, "Sọ ọ́, mo ń gbọ́." Olùkọ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ á wà lára abọ́ tó dé náà títí ó fi máa parí. Bí ó bá bi í pé, "Màámi, ìlérí yín ńkọ́?" á ní, "Ó wà níbẹ̀." Olùkọ́ náà á sì padà sílé, á sọ fún Olúwa pé ọkàn ìyá yìí mà le o, kí Ó fún òun ní agbára láti gbààwẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀.

Ó wá ṣe, ìjọ tó wà nílùú náà kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Háà, ìlú gbóná! Wọ́n kun ògiri, wọ́n gbé agogo gun òkè, àwọn akọrin ń dá orin ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ títí ọ̀fun wọn fi há. Nígbà tó ku ẹni tí yóò wàásù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ẹnu pa pọ̀ pé, "Ta ni à ń wá kiri? Ọmọ wa tó jẹ́ olùkọ́ ńkọ́?" Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fò sókè. Ó ní ohun tí ẹ̀jẹ́ òun ń dúró dè ti dé. Ó ní bí ìyá òun kò bá wá lọ́jọ́ yìí, ọjọ́ wo ni yóò wá mọ́?

Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé náà, Ìyá Sìdí, jókòó lábẹ́ ìbòòji, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Olùkọ́ náà dọ̀bálẹ̀ kí àwọn méjèèjì.

"Àlùfáà àgbà, ẹ káàbọ̀," ni Ìyá Sìdí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tì mí sínú iná o. Ẹ jẹ́ kí n ṣa ẹ̀wà yìí tán ná."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ wà lọ́kàn mi, Ìyá Sìdí."

"Mo mọ̀. Bí ẹ ti ń wò mí bí adìẹ Kérésìmesì yẹn."

Ìyá olùkọ́ wọlé lọ, ó sì gbé abọ́ jáde. Oúnjẹ ọjọ́ náà yàtọ̀. Epo rẹ̀ ń dán, ẹja kún ojú rẹ̀. Ó gbé e ka orí àpótí níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì fi omi ìfọwọ́ tì í.

"Mo ti jẹun wá, màámi," ni olùkọ́ náà wí.

Ìyá Sìdí kò gbójú sókè. "Níbo lo ti ń jẹ gbogbo oúnjẹ ọ̀hún?" ni ó bi í. "Gbogbo Sátidé lo ń jẹun wá, ọrùn rẹ ò sì ju ti ẹyẹ lékeléke lọ."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà. "Màámi, ọ̀la ni o! Wọ́n ti to àga. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi yín sí. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nídìí ọkọ̀ níjọ́sí."

"Kí wọ́n gbé àga náà fún ẹlòmíràn," ni ìyá rẹ̀ wí.

Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó mú ti àwọn wòlíì wá, ó mú ti àwọn àpọ́sítélì, ó sọ ti ìfẹ́ Ọlọ́run tí kò ní ààlà. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé Ìyá Sìdí pàápàá dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó fi ìdérí bo abọ́, ó gbé e mọ́ra.

"Àkànjí, o mọ ọ̀rọ̀ sọ," ni ó wí. "Ọlọ́run á dúró tì ọ́ lọ́la. Èmi ò lọ. Má bi mí mọ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn rí. Olùkọ́ náà dìde. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Sìdí ni, ó gbé àtẹ ẹ̀wà há abíyá.

"Dúró. Ìwọ lo máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè. Èmi náà ní ọ̀kan. Ṣé àjẹ́ ni ìyá rẹ?"

"Ẹ̀yin Ìyá Sìdí! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Rárá o! Ká má rí i!"

"Kí ló wá dé tí o kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀?"

Olùkọ́ náà ń rò ó. Ṣé kí ó sọ ohun tí Olúwa ní kí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀? Ìyá Sìdí wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"O kéré nígbà náà, wọn ò sọ fún ọ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, àwọn kan nínú ìjọ yín ní ọkùnrin tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ kì í dédé ṣubú. Wọ́n ní kí wọ́n wo inú ilé. Wọn ò sọ ọ́ sójú ìyá rẹ o. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àjọ̀dún wọn, tí obìnrin kálukú gbé oúnjẹ lọ kí wọ́n jọ jẹ ẹ́, ìyá rẹ gbé ìkọ́kọrẹ́. Abọ́ tirẹ̀ kún lọ, ó kún bọ̀. Ẹnì kankan ò ṣí i wò. Èmi àti àwọn ọmọ mi la jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a sì lá abọ́. Wò mí dáadáa, ṣé mo kú?"

Olùkọ́ náà fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀.

"Ìdí tí kò fi lọ mọ́ nìyẹn, tí kò fi wá gbọ́ ọ nígbà tí o kọ́kọ́ wàásù níwájú wọn. Ó ní òun bí ọmọ kan, ọmọ náà á jẹ tòun. Ìgbà tó yá, ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Sátidé, o ti jẹun wá. O ti jẹun wá. O ti jẹun wá! Ó sọ fún mi pé, 'Ìyá Sìdí, wọ́n ti sọ fún un. Ọmọ mi ń bẹ̀rù mi.' Kí ló fẹ́ wá jókòó gbọ́ lẹ́nu rẹ?"

"Ààwẹ̀ ni!" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu olùkọ́. "Ààwẹ̀ ni mo ń gbà, Ìyá Sìdí! Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń gbà á, kí Ọlọ́run lè rọ ọkàn rẹ̀!"

Ìyá Sìdí wò ó láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, tí ẹ̀wà ń dà nínú àtẹ.

"Ààwẹ̀ kẹ̀! Èmi náà ń gbààwẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀, a ó ṣínu, a ó sì pe ẹni tó bá wà nítòsí. Irú ààwẹ̀ wo ni tìrẹ tí kò ní ìṣínu? O sì fẹ́ mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀ gan-an? Bí o bá ti lọ, ìyá rẹ kì í jẹ nínú oúnjẹ náà. Èmi ló ń gbé e fún."

Ó ṣẹ́ ojú sí i, ó sì padà lọ ṣa ẹ̀wà rẹ̀.

Olùkọ́ náà dúró nídìí ọkọ̀. Oòrùn ń pa á, kò mọ̀. Ẹ̀jẹ́ ni ó jẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣé kí ó wọlé lọ jẹun ni? Ó ronú kan ìwé gbogbo tí ó kà. Ó sì wá dà bí ẹni pé ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè: ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò lè rà á. Háà! Kí ni òun ti ń fi gbogbo Sátidé wọ̀nyí ṣe bí kò ṣe ọjà rírà? Ebi òun ni òun ń kó lọ fún Ọlọ́run bí owó, kí Ó fi ọkàn ìyá òun ṣe pàṣípààrọ̀. Ó sì rántí Olúwa tí ó ń sìn. Àwọn onísìn ayé ìgbà náà ni kì í jẹun lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn. Olúwa ń jẹ ní tirẹ̀. Ó rí agbowó òde kúkúrú kan lórí igi, kò dúró sábẹ́ igi wàásù fún un. Ó ní kí ó sọ̀kalẹ̀, nítorí ilé rẹ̀ ni òun ń bọ̀.

Inú olùkọ́ náà kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, bí omi tí wọ́n ṣí ọ̀nà fún, ayọ̀ kan ya wọ inú rẹ̀. Ìyá òun kò kọ Ọlọ́run! Ìyá òun kò kọ òun! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkùnrin tó mọ èdè àwọn wòlíì ń sáré nínú agbo ilé, bàtà rẹ̀ kan yọ, kò dúró mú un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Màámi! Ebi ń pa mí!"

Ó tún gbá ilẹ̀kùn.

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ebi ń pa mí o!"

Ìyá rẹ̀ yọjú. "Kí lo wí?"

"Ebi, màámi. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí nínú ilé yìí."

"Ṣebí o ti jẹun wá?"

"Irọ́ ni mo pa. Mi ò jẹun wá rí."

"Oníwàásù!" ni ìyá rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó ti yí padà sídìí abọ́.

Ó gbé abọ́ náà jáde. Oúnjẹ ti tutù, ó ní kí òun gbé e kaná, olùkọ́ ní rárá. Kò dúró gba ṣíbí. Ó fọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jẹun. Epo ta sí dàńṣíkí funfun náà, kò wò ó. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ojú tẹ̀ lé òkèlè dé ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Nígbà tí abọ́ fẹ́ tán, ó lọ gbé ìkòkò wá, ó ń fi ṣíbí ha èyí tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ náà máa ń jà sí nígbà tó wà ní kékeré.

"Àkànjí," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kí ni, màámi?"

Ìyá náà wo ojú rẹ̀ títí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kò sí," ni ó wí. "Jẹun."

Nígbà náà ni olùkọ́ náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹ̀jẹ́ àti ti ààwẹ̀, ó sì sọ pé òun ti gbọ́ ti abọ́ tó kún lọ tó kún bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún epo. Ó ní kí ó dáríjì òun, kí ó sì bá òun dáríjì àwọn tó ṣe é. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Dìde. O ti fi epo ba aṣọ jẹ́, o tún fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ kún un." Láti ìta, Ìyá Sìdí pariwo pé, "Ṣé ó ti ṣínu?" Ìyá rẹ̀ dáhùn pé, "Ó ti ṣínu o! Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ọ lónìí!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Olùkọ́ náà kò wàásù lọ́jọ́ náà. Ó gbàgbé. Ó ti wọ ọkọ̀ kí ó tó rántí ọ̀la, kò sì láyà láti bi í mọ́. Àwọn tó kọ abọ́ ìyá rẹ̀ nígbà náà ni alàgbà àti ìyá ìjọ nísinsìnyí. Àárín wọn gan-an ni àga náà wà. Ṣé ó yẹ kí a ní kí ó wá jókòó síbẹ̀? Ìyá rẹ̀ náà kò mẹ́nu ba ọ̀la. Ó kàn ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Kí n tó sọ fún ọ bóyá ó lọ, jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ rẹ.

Ìwọ tí o ń gbààwẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu ní kékeré, o ṣeun. Máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹran iléyá tí ẹ̀gbọ́n náà fi ránṣẹ́ sí ọ, tí o gbà tẹ̀rín-tẹ̀rín, tí o sọ sí ajá nígbà tí ọmọ tó gbé e wá yí ẹ̀yìn padà, ṣé o rò pé kò gbọ́? Ọmọdé ń sọ̀rọ̀. Ajá àdúgbò ń sanra. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o gbé ìwé ìléwọ́ lọ bá a pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni kí ó gbà gbọ́ nínú ẹnu rẹ àti ọwọ́ rẹ? O ní o ń ṣọ́ra fún májèlé. Ẹni tí ò ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, o kò lè wàásù ìfẹ́ fún un, ohunkóhun tí o bá sọ, ẹ̀rù rẹ ni á gbọ́. Bí Ẹni tí a ń sìn bá lè jẹun pẹ̀lú ẹni tí Ó mọ̀ dájú pé yóò fi Òun hàn, kí ni ìwọ ń pa mọ́? Tún wò ó: ìgbàlà ẹ̀gbọ́n rẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ. A ti san án tán. Ohun tí ó kù fún ọ ni pé kí o má dí ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, dìde lónìí. Wọ ilé ẹni tí o ti fi sọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá bù fún ọ, jẹ ẹ́. Bí ó bá ní kí o fi kún un, fi kún un. Ọ̀rọ̀ Olúwa kò ní tutù kí o tó jẹun tán.

Ó dára. Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kún dé ìta, àwọn ènìyàn dúró lẹ́bàá ògiri, agogo ń dún, akọrin ń kọ bí ẹni pé òrùlé á ṣí. Àga kan ṣófo níwájú. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n ka Ìwé Mímọ́. Àga náà ṣófo síbẹ̀. Olùkọ́ náà gun orí àga ìwàásù. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn Ọlọ́run. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ariwo fi bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ yà o! Ẹ jẹ́ kí ìyá oníwàásù kọjá!"

Ohùn Ìyá Sìdí ni. Ó sìn ín dé ojú ilẹ̀kùn, ó ní ibi tí Mùsùlùmí lè sin ènìyàn dé nìyẹn, ó sì dúró síbẹ̀ láti gbọ́. Ìyá olùkọ́ nìkan ni ó rìn wọlé. Ó ró aṣọ òkè aláró, ó wé gèlè gíga. Ó kọjá láàárín àwọn alàgbà. Ó kọjá níwájú àwọn ìyá ìjọ, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìṣíde." Àwọn kan gbójú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dìde, arúgbó ni, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá olùkọ́ fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó sì lọ jókòó.

Ọmọ rẹ̀ ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Gbogbo ìjọ ń wò ó, gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lókè òkun ti fò lọ.

Ìyá náà tún gèlè ṣe. "Àkànjí, mo ti dé," ni ó wí, tí gbogbo ènìyàn gbọ́. "Wàásù."

Ó wàásù. Háà, ó wàásù! Ìyá rẹ̀ kò sín ìlẹ̀kẹ̀, kò wo ilẹ̀, kò tòògbé. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ dé òpin.